Ṣé gbèsè lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn? Ìdáhùn sí ìbéèrè Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè: “Bàbá agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn níbí. Nínú oṣù kìíní ọdún yìí, màmá kan tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ san 850,000 náírà fún un nínú 1,200,000 náírà pé kó bá òun kan bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga pálọ̀, kó sì kó wọn wá kí ọdún Àjíǹde tó dé. Owó pákó lọ sókè lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi fi nínú owó náà parí iṣẹ́ oníbàárà mìíràn, ó sì fi díẹ̀ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ìgbéyàwó kọjá, àga kò jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọlọ́pàá wá. Wọn kò bá a nílé, wọ́n sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yọjú, wọ́n tì í mọ́lé láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní olè ni, wọ́n tún ní 419 ni. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, kó lọ tọrọ àforíjì. Bàbá wa ní gbèsè lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé òun ti di ọ̀daràn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń sọ nǹkan di ọ̀ràn gan-an? Bó bá sì rí owó náà san, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè méjì lẹ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kẹta láàrin wọn tí ẹ kò béèrè, ìyẹn ni bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín bá òfin mu. N ó dáhùn ìyẹn náà. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ẹnu yín nìkan ni mo gbọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. N kò tíì gbọ́ tẹnu màmá tó sanwó, n kò sì tíì rí ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín kọ tàbí tó fọwọ́ sí ní tẹ́ṣàn. Nítorí náà, ohun tí òfin sọ ni n ó là sílẹ̀ dáadáa, n ó sì sọ ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ yín dúró sí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ bí ẹni gbé ìdájọ́ lọ.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ yín lójú ni pé àwọn mẹ́ta tó dá sí i ń sọ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni Pásítọ̀ ń sọ, gbèsè ni bàbá yín ń sọ, ọ̀ràn ni ọlọ́pàá ń sọ. Ìwà kan ṣoṣo lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan kó má jẹ́ ìyókù. Ẹ̀ṣẹ̀ wà láàrin ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Gbèsè wà láàrin ajigbèsè àti olówó. Ní ti ọ̀ràn, àárín ènìyàn àti ìjọba ló wà, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ni ẹ ó bá lójú ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn, tí ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi gan-an yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà. Èdè wa kò tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí pé ẹnu ọ̀rọ̀ náà gbòòrò: à ń sọ ọ̀ràn owó, à ń sọ ọ̀ràn ìyàwó, ọmọdé tó bá sì fọ́ àwo, a ní ó dá ọ̀ràn. Lójú òfin, ẹnu rẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ nǹkan di ọ̀ràn ni pé kí òfin tí a kọ sílẹ̀ ti pè é ní ọ̀ràn kí ẹni náà tó ṣe é, kí òfin náà sì ti sọ ìyà tó wà fún un. Abala 36, ẹsẹ̀ kejìlá, nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fi ìyẹn lélẹ̀. Kò sí adájọ́, kò sí ọba, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè jí lówùúrọ̀ kó sọ pé ohun tó bí òun nínú ti di ọ̀ràn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló mọ ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, èyí tó wáyé ní ìhà Ìwọ̀ Oòrùn ní 1961. Kóòtù ìbílẹ̀ dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó kó lọ bá ọkùnrin mìíràn nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì tú ká. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi yẹn. Adájọ́ kò sọ pé ìwà náà dára o. Ohun tó sọ ni pé kò sí òfin àkọsílẹ̀ kankan ní Gúúsù tó pe àgbèrè ní ọ̀ràn, bí kò bá sì sí òfin, kò sí ọ̀daràn. Ní Àríwá, níbi tí wọ́n ti ní ìwé òfin tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, irú ìwà kan náà lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Bí ohun tó ń dun ni ṣe lè má jẹ́ ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a kò kà sí lè jẹ́ ọ̀ràn. Ẹni tó bá na ìka sí ìyá arúgbó àdúgbò pé àjẹ́ ni, ọ̀ràn ló dá, ìwé òfin sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí i. Ọkùnrin tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tó tún lọ gbé ìyàwó mìíràn nígbà tí kóòtù kò tíì tú ti àkọ́kọ́ ká, ẹ̀wọ̀n ni ìwé kọ sí tirẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì fojú ara mi rí ọkùnrin kan tí wọ́n torí rẹ̀ jù sẹ́wọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ohun tí ìwé òfin wí àti ohun tí àṣà ilé wa wí kò fi gbogbo ara bára mu. Láti Queensland ní orílẹ̀-èdè Australia ni wọ́n ti ṣe àdàkọ ìwé òfin ọ̀ràn tí à ń lò ní Gúúsù. Àríwá ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ní 1904, kí wọ́n tó mú un kárí Nàìjíríà ní 1916. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ilé nìkan méfò ohun tó jẹ́ ọ̀ràn yóò ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà.

Òfin nìkan kò tó. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ṣe. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń ro bí òun yóò ṣe jí ewúrẹ́ aládùúgbò, kò tíì dá ọ̀ràn kankan lójú ìjọba, ohun yòówù kí Ọlọ́run máa rí nínú ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dìde, tó wọ àgbàlá onílé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́ náà, ọ̀ràn ti wọ̀ ọ́, kódà bí ewúrẹ́ bá já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì sá lọ. Ẹ wá jẹ́ kí a gba ọ̀nà kejì wò ó. Ènìyàn méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbé e nítorí pé àpò náà àti tirẹ̀ jọra bí ìbejì. Ẹnì kejì mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ṣe kò yàtọ̀ rárá, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ olè, ọ̀kan kì í ṣe olè. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá wá délé, tó tú àpò, tó rí aṣọ ẹlòmíràn níbẹ̀, tó rí nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín, tó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ náà lọ sóde, olè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ẹ fi àpò yìí sọ́kàn dáadáa, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ṣe rí gan-an nìyẹn: ìbéèrè kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan, ìbéèrè ni ohun tó wà nínú rẹ̀ ní wákàtí tó ṣe é.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ há a láàrin, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ohun tí mo sọ yìí gba ibi tí kò yẹ. Àṣìṣe tí òfin ń gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òótọ́ inú, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè ṣe. Ní 1954, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gadam sọ níwájú Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pé òun gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àjẹ́ ni obìnrin tí òun pa. Ilé ẹjọ́ náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé ìgbàgbọ́ náà bá làákàyè mu tó láti gba apànìyàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ pé òfin wà kò rí àwáwí kankan níbẹ̀. Àwọn ọ̀ràn kéékèèké kan tilẹ̀ wà tí òfin kì í béèrè inú ẹni rárá, bíi kí ènìyàn máa wa ọkọ̀ láìní láísẹ́ǹsì. Olè àti jìbìtì kò sí lára irú àwọn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú orúkọ méjì tí ọlọ́pàá pe ẹ̀gbọ́n yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí 419 tó máa ń já gbogbo ayé láyà. Nọ́ńbà yẹn kò ju abala kan lọ nínú ìwé òfin ọ̀ràn, abala tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti 2006 ni òfin ìjọba àpapọ̀ mìíràn ti wà lórí irú jìbìtì bẹ́ẹ̀, tí ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀wọ̀n ọdún méje títí dé ogún ọdún, láìsí pé ènìyàn lè sanwó ìtanràn dípò rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ tó yẹ kí a máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kí ni irọ́ náà? Ìwé òfin ọ̀ràn sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tó ń bẹ lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ẹni tó ń pa á sì mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. “Káfíńtà ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ra pákó rẹ sílẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti wà. Bó bá jẹ́ pé kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò mọ pákó yàtọ̀ sí páànù, irọ́ gidi ni. “N ó kó o wá kí Àjíǹde tó dé” jẹ́ ìlérí nípa ọjọ́ iwájú. Ìlérí tó yẹ̀ kì í ṣe irọ́ tí òfin ń sọ, àyàfi bó bá hàn gbangba pé lọ́jọ́ tó ń ṣe é ló ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní í ṣe iṣẹ́ kankan.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ènìyàn? A kì í rí inú. Ìwà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá ń gbèjà irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ra ohunkóhun fún iṣẹ́ náà rárá, bóyá ó ti gé pákó, bóyá ó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà kó tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, bóyá ó pa fóònù, bóyá ó ń gbé e nígbà tí oníbàárà bá pè. Mo ti rí káfíńtà tó jẹ̀bi, mo sì ti rí èyí tí kò jẹ̀bi, owó tí àwọn méjèèjì sì jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tó jẹ̀bi ti yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù padà lẹ́ẹ̀mẹta ní àdúgbò mẹ́ta. Èyí tí kò jẹ̀bi ní férémù bẹ́ẹ̀dì tó dúró láìparí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èéfín àti eruku ti bò ó, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ wá. Férémù yẹn ló gbà á sílẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà níbi tí màmá náà ti bá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò rí ibi tí 419 yóò ti dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti olè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù díẹ̀ ti ń bà mí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti dá nǹkan padà kì í ṣe olè. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé òfin wa ya owó sọ́tọ̀: ẹni tó bá mú owó olówó láti ná an bó ṣe wù ú, olè ni, kódà bó bá ń rò pé òun yóò san án padà nígbà tó bá yá. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ alájọ àti akápò ẹgbẹ́ ti fi ń bọ́ sí wàhálà. Wọ́n yá nínú owó tó wà lọ́wọ́ wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀ pé kí ìparí oṣù tó dé, àwọn yóò ti fi padà. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn pé “mo ná owó màmá náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá a padà,” ó lè rò pé ara òun ni òun ń gbè, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń há.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìyẹn: lọ́jọ́ tó ná owó náà, owó ta ni? Bí mo bá fún alájọ lówó, owó mi ṣì ni, ó kàn ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni. Bí mo bá fún ọmọ ọdọ mi ní 50,000 náírà pé kó lọ bá mi ra ìrẹsì, owó mi ṣì ni títí tí yóò fi di ìrẹsì. Bí mo bá sì san àsansílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ lórí iṣẹ́ tí a ti ná ní iye kan, owó náà ti di tirẹ̀, ohun tó kù tó jẹ mí ni iṣẹ́. Ó lè fi owó náà ra epo, ó lè fi san owó ilé, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ti ṣe iṣẹ́ mi. Bí kò bá ṣe é, ó ti yẹ àdéhùn, mo sì lè gbé e lọ sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ajigbèsè, ṣùgbọ́n kò jalè. Nínú lẹ́tà yín, 850,000 nínú 1,200,000 náírà jọ àsansílẹ̀ lójú mi. Bó bá wá jẹ́ pé ohun tí màmá náà sọ nígbà tó ń sanwó ni pé “gba èyí, lọ sí Bódìjà lónìí, lọ bá mi fi ra pákó, kí o mú rìsíìtì wá,” ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé òfin wa kà á sí pé owó tí a fi rán ènìyàn níṣẹ́ pàtó ṣì jẹ́ ti ẹni tó rán an títí tó fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí WhatsApp lè pinnu rẹ̀. N kò rí i, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́, ọ̀rọ̀ bàbá yín ló súnmọ́ òfin jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó kan ọlọ́pàá wàyí. Ní ayé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀, kí ó lọ jókòó ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀, kó máa pariwo, kó máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí nínú ilé pa jẹ, títí tí ojú yóò fi ti ìdílé náà, tí wọn yóò wá owó san. Ayé ológò ti kọjá, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ tẹ́ṣàn di ológò tòde òní. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere ní abala 32 pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ gbèsè lásán, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe òótọ́ sí àwọn ọlọ́pàá náà o. Ẹni tó bá wá fẹjọ́ sùn kì í sọ pé “ó jẹ mí ní gbèsè”. Ohun tó ń sọ ni pé “ó gbá mi lówó lọ,” ọlọ́pàá tó gbọ́ ìyẹn sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹni náà kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé nígbà tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, tí wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣì tì í mọ́lé kó lè rí owó san. Gbígba gbèsè kò sí lára iṣẹ́ wọn.

Ti ìyàwó rẹ̀ kò ní àwíjàre kankan. Òfin kò gbà kí a mú ìyàwó nítorí ọkọ, tàbí ìyá nítorí ọmọ. Ní ti ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ lò, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kí a gbé ẹni tí a bá mú dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàrin ogójì kìlómítà, kò sì sí tẹ́ṣàn kan nínú ìgboro Ìbàdàn tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ìyágankú, níbi tí kóòtù májísíréètì wà. Mo mọ̀ pé kóòtù kì í sábà jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ọjọ́ kan lásán fún ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ ènìyàn. Àmọ́ béèlì wà ní tẹ́ṣàn lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni, obìnrin sì lè ṣe onídùúró. Bí wọ́n bá ti gba owó béèlì lọ́wọ́ yín, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ san án sílẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó yé pe ara rẹ̀ ní ọ̀daràn. Afurasí ni ẹni tí wọ́n mú. Olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí wọ́n gbé dé iwájú adájọ́. Ẹni tí adájọ́ bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tó sì dá lẹ́bi nìkan ni òfin ń pè ní ọ̀daràn, kí ó tó dé ibẹ̀ sì rèé, ìjọba ló ni ẹrù láti fi ẹ̀rí tó kọjá iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu hàn pé ó ṣe é, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò sí lọ́rùn rẹ̀ láti fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Mo ti rí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò jẹ̀bi, tó jẹ́ pé ìtìjú ló mú un kúrò nínú ìlú, sísá tó sá ni wọ́n sì wá fi ṣe ẹ̀rí lé e lórí.

Lórí ìbéèrè kejì yín, ìdáhùn mi kò lè rọrùn bí ẹ ṣe fẹ́. Bó bá jẹ́ gbèsè, ọjọ́ tó bá san án tán ni ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ ọ̀ràn, sísan owó kì í pa á rẹ́, nítorí pé màmá náà nìkan kọ́ ló ni ẹjọ́. Ẹni tó bá tilẹ̀ gba owó kí ó lè bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀ ti dá ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Níṣe ni owó tí a dá padà máa ń jẹ́ kí adájọ́ ṣàánú, tàbí kí ìjọba pinnu pé ẹjọ́ náà kò yẹ ní èyí tí à ń gbé lọ sí kóòtù. Níwọ̀n bí mo ti rò pé gbèsè ni tiyín, ó dára kí ẹ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú màmá náà, bóyá kó gba àga rẹ̀ pẹ̀lú owó tuntun tí ẹ jọ fẹnu kò sí, bóyá kó gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ rẹ̀ wọ ilé ọkọ láìsí àga, ojú sì tì í níwájú àna. Bí òun bá kọ̀, ó lè gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì fún gbèsè. Ní Èkó, láti 2018, kóòtù kan wà fún irú gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tí wọ́n ń gbìyànjú láti parí láàrin 60 ọjọ́, mo sì gba àwọn olówó nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n gba tẹ́ṣàn lọ.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n yín kò gbọ́dọ̀ ṣe, bó ti wù kí wọ́n fòòró rẹ̀ tó: kó má kọ sọ̀wédowó fún ẹnikẹ́ni lórí owó tí kò ì tíì wọlé. Mo ń wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fi gbèsè lásán wọ tẹ́ṣàn, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀ràn gidi lọ́rùn. Láti 1977 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá kọ sọ̀wédowó, tí wọ́n gbé e dé báńkì láàrin oṣù mẹ́ta, tí kò sì sí owó tó tó nínú àkáǹtì rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà fún un láìsí owó ìtanràn, àyàfi bó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó dájú láti gbà pé owó yóò wà níbẹ̀. Gbèsè tí ìjọba kò lè torí rẹ̀ mú un lánàá ti di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú un lónìí. Ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí náà, kó kà á dáadáa, kó fọwọ́ sí i bó bá sọ pé òun yóò san iye báyìí ní oṣù báyìí, kó má fọwọ́ sí èyí tó bá ní òun “gbà pé òun jí owó.”

Ẹ lè béèrè bóyá kí ẹ pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìyàwó ní ẹjọ́ tó lágbára ju ti ọkọ lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Ti ọkọ, wọn yóò ní ìwádìí ni àwọn ń ṣe, adájọ́ á sì wò ó fínnífínní. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gba owó àti àkókò, ó sì lè mú kí ìjà tó yẹ kí a fẹnu parí tún le sí i. Bí mo bá wà ní ipò yín, n ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó wà lókè tẹ́ṣàn náà nípa ti ìyàwó, n ó sì fi ẹjọ́ pamọ́ sẹ́yìn fún ìgbà tí wọ́n bá tún wá. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, ilé iṣẹ́ Legal Aid Council ti ìjọba wà fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kí ẹ̀gbọ́n yín jókòó lónìí, kó mú bébà, kó kọ bó ṣe ná 850,000 náírà náà sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, èyí tó fi ra pákó, èyí tó fi ra ìṣó àti fóòmù, èyí tó lọ sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, èyí tó fi san owó ilé ìwé. Kó so rìsíìtì tó bá ṣẹ́kù mọ́ ọn, kó ya fọ́tò ohunkóhun tó bá ti kàn fún màmá náà, kó má sì pa ohun kankan rẹ́ lórí WhatsApp rẹ̀, kódà èyí tí kò gbè é. Kó má pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò tó súnmọ́ yín, nítorí pé òun ni yóò lè rí ohun tí èmi kò rí láti ibí, pàápàá jù lọ gbólóhùn tí màmá náà sọ lọ́jọ́ tó ń ka owó sílẹ̀.